Renaissance: Kí ló yí padà gan-an nínú ayé mẹ̀kúnnù Yúróòpù?

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Renaissance báyìí, àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn: Mona Lisa, ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́, àti àwọn àjà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ nídìí iṣẹ́ irun àgùntàn ní Florence, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, kò rí jẹ nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tó yí ayé tirẹ̀ padà ni owó iṣẹ́, oúnjẹ àti aṣọ. Ikú ló sì la ọ̀nà fún un.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1347, àwọn ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Messina, ní erékùṣù Sicily. Àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n kó wọlé, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Black Death. Nígbà tí ọdún 1348 fi máa parí, Florence, ìlú tí èrò inú rẹ̀ tó bíi 100,000, ti sin nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn rẹ̀. Àrùn náà kò sì lọ pátápátá, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni. Lọ́dún 1427 tí ìjọba ka ilé kọ̀ọ̀kan nítorí owó orí, èrò inú ìlú náà ò ju bíi 40,000 lọ.

Kí àrùn yìí tó dé, èèyàn ló pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Tí lébìrà kan bá ní owó yẹn kéré, ẹlòmíì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gbà á. Búrẹ́dì, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni oúnjẹ tálákà, ẹran kì í sábà sí níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko Yúróòpù, àgbẹ̀ ò lè kúrò lórí ilẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá a roko lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn 1348, ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni kò sí. Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Owó ojúmọ́ lébìrà tó ń bá wọn kọ́lé ní Florence fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Lóòótọ́ nǹkan gbówó lórí, àmọ́ nígbà tó yá, owó tó ń wọlé fún alágbàṣe ń ra oúnjẹ ju èyí tí bàbá rẹ̀ ń rà lọ. Ẹran àti wáìnì wá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé.

Ẹ má rò pé inú àwọn olówó dùn sí i o. Òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1351 ní kí òṣìṣẹ́ kankan má gbà ju iye tí wọ́n ń san kí àrùn tó dé lọ. Nígbà tó di 1363, wọ́n tún ṣe òfin aṣọ: irú aṣọ tí ìránṣẹ́ lè wọ̀, irú èyí tí àgbẹ̀ lè wọ̀, torí wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń múra bí ọ̀gá. Òfin aṣọ! Ọdún kan péré ló lò kí wọ́n tó fagi lé e. Florence náà ní irú òfin yìí, ó ń bá àwọn obìnrin fa wàhálà títí dórí bọ́tìnnì.

Àwọn òṣìṣẹ́ irun àgùntàn ní Florence ò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní oṣù Keje 1378, wọ́n ya wọ ilé ìjọba, wọ́n sì fi ọ̀kan lára wọn, Michele di Lando, ṣe olórí. Wọ́n gba ẹgbẹ́. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n ti fọ́ ẹgbẹ́ wọn túútúú, Michele fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó lé wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ rí inú ilé gan-an, ẹ jẹ́ ká lọ sí Prato, ìtòsí Florence, nílé Francesco Datini. Àrùn 1348 ló sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Ó lọ ṣòwò ní Avignon, nílẹ̀ Faransé, ó lówó, ó padà wálé. Nǹkan bí 150,000 lẹ́tà tirẹ̀ ṣì wà ní Prato dòní. Lórí ìwé ìṣirò owó rẹ̀, ó máa ń kọ orúkọ Ọlọ́run àti èrè papọ̀. Ó dá mi lójú pé Datini ì bá gbádùn ara mọ́tò àti iwájú ṣọ́ọ̀bù tiwa.

Ìwé kíkọ ti kúrò ní ti àlùfáà nìkan nígbà yẹn, torí oníṣòwò tó ní ẹ̀ka ní Barcelona àti Genoa ò lè gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Margherita, ìyàwó Datini, máa ń ní kí ẹlòmíì bá òun kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Nígbà tó yá, ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, àgbàlagbà bó ṣe rí yẹn.

Àmọ́ ta ló ń fọṣọ, ta ló ń pọnmi nílé náà? Ọmọ ọ̀dọ̀ ti wọ́n lẹ́yìn àrùn, nítorí náà, lọ́dún 1363, ìjọba Florence fàyè gba kí wọ́n máa ra ẹrú wọ̀lú, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti ilẹ̀ wá. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, láti agbègbè Òkun Dúdú. Ọ̀kan nínú wọn, Lucia, bí ọmọ fún Datini lọ́dún 1392, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ginevra. Margherita tí kò bímọ ló wá tọ́ ọ dàgbà. Lucia ní tirẹ̀, ìránṣẹ́ kan ni wọ́n fi fún. Kò sí ẹni tó kọ èrò ọkàn Lucia sílẹ̀ nínú gbogbo bébà yẹn.

Nígbà tí Datini kú lọ́dún 1410, ó fi 1,000 owó wúrà florin sílẹ̀ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù nù. Ilé náà, Innocenti, gba ọmọ àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì 1445. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ẹrúbìnrin.

Ìwé títẹ̀ ló tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ Gutenberg ní Jámánì, ní nǹkan bí 1455. Ní 1501, Aldus Manutius bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kékeré ní Venice, èyí tí èèyàn lè mú dání rìn. Ìwé ò wá jẹ́ ohun tí wọ́n ń so mọ́ orí tábìlì mọ́.

Àsìkò tí Michelangelo ń gbẹ́ ère rẹ̀ yìí náà ni nǹkan tún ń yí padà fún alágbàṣe. Èèyàn ti ń pọ̀ sí i, owó oúnjẹ ń gòkè, owó ojúmọ́ ò sì lè lé e bá. Láàárín ọdún 1500 sí 1600, ẹran tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú oúnjẹ tálákà. Àgbàdo, tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1492, ló wá wọ oko ní àríwá Ítálì, tí wọ́n ń rò ó bíi àmàlà, tí wọ́n ń pè é ní polenta. Orí Òkun Àtìláńtíìkì yẹn náà ni àgbàdo tiwa gbà dé.