Bíìtì 32 àti Bíìtì 64: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Edjeba àti agbègbè Warri

Ẹ̀yin tí a kọ ọ́ fún

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún ọmọ, ẹ̀yin oníkáfẹ́ àti oníṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ àti ẹgbẹ́ ní Edjeba, Enerhen àti Effurun. Bí prọ́sẹ́sọ̀, Windows àti sọ́fítíwíà kò bá bára mu, owó tẹ́ ẹ ná á ṣòfò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni bíìtì ń ṣe?

Prọ́sẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ló fi ń dá ibi kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà. Bíìtì 32 kò lè pèsè ju nọ́ńbà 4,294,967,296 lọ, ìyẹn GB 4. Nítorí náà, bí ẹ bá ki RAM GB 8 bọ inú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 oníbíìtì 32, kò ní lè lò ju GB 4 lọ. Ti bíìtì 64 ju èyí lọ fíìfíì.

Ọdún 1985 ni Intel gbé prọ́sẹ́sọ̀ 80386 oníbíìtì 32 jáde. Ní 2003, AMD gbé oníbíìtì 64 tirẹ̀ dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí prọ́sẹ́sọ̀ wọn jẹ́ bíìtì 64 ni wọ́n fi Windows oníbíìtì 32 sí.

Èwo ló ń bá èwo ṣiṣẹ́?

• Prọ́sẹ́sọ̀ bíìtì 64 lè gbé Windows 32 tàbí 64. Prọ́sẹ́sọ̀ bíìtì 32 kò lè gbé Windows 64 láé.
• Windows 64 ń lo ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà bíìtì 32. Windows 32 kò lè ṣí ti bíìtì 64.
• Windows 64 kì í ṣí sọ́fítíwíà bíìtì 16, irú èyí tí wọ́n ṣe láyé Windows 3.1. Bí ìwé owó yín bá wà nínú irú rẹ̀, ẹ má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà títí ẹ ó fi kó àkọsílẹ̀ yín jáde.
• Díráfà pírìǹtà àti ti sikánà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń so wọ́n mọ́ Windows, gbọ́dọ̀ bá bíìtì Windows mu gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní díráfà bíìtì 64.

Windows 10 ni ó kẹ́yìn tó ní ti bíìtì 32, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní October 14, 2025. Bíìtì 64 nìkan ni Windows 11, ó sì tún ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti ó kéré tán RAM GB 4.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ní kí òǹtajà tan kọ̀ǹpútà lójú yín. Ẹ ṣí Settings, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà About. Ẹ ka ohun tó wà níwájú "System type":

• "64-bit operating system, x64-based processor": méjèèjì jẹ́ bíìtì 64.
• "32-bit operating system, x64-based processor": prọ́sẹ́sọ̀ dára, Windows ló yẹ kí ẹ yí padà.
• "32-bit operating system, x86-based processor": kò lè gbé Windows 64. Ẹ má rà á fún iṣẹ́ tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí 32 bọ́ sórí 64

Wọn kì í fi Windows 64 lé orí Windows 32. Ńṣe ni wọ́n ń fi í sí lọ́tun, ohun tó wà lórí dísìkì sì lè parẹ́. Nítorí náà:

1. Ẹ da fáìlì yín kọ sórí dísìkì mìíràn.
2. Ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kó dá yín lójú pé wọ́n pé.
3. Ẹ wá díráfà bíìtì 64 fún pírìǹtà yín sílẹ̀.
4. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà lé oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń ra tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ ní kí òǹtajà kọ bíìtì prọ́sẹ́sọ̀, bíìtì Windows àti iye RAM sára rìsíìtì. Bí ohun tó kọ bá yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má sanwó.