Àlejò ojú ọ̀run ń padà sílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹyẹ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa múra àtilọ. Ẹni tí ó bá gbójú sókè ní arrondissement Plateau ní ìrọ̀lẹ́ lè rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń fò lọ sí ìhà àríwá.

Kì í ṣe gbogbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ó ń rìnrìn-àjò. Àwọn kan wà nílé jálẹ̀ ọdún. Èyí tí ń lọ, tí èdè Faransé ń pè ní hirondelle, ní ẹ̀yìn dúdú bí aró; ọ̀fun rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 gíráàmù: ó fúyẹ́ ju ẹyin adìẹ lọ. Síbẹ̀, ó ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun títí dé Yúróòpù. Ibẹ̀ ni ó ń yé sí. Nígbà tí òtútù bá fẹ́ dé ibẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kòkòrò tí ó ń jẹ a di ọ̀wọ́n. Nígbà náà ni ó ń padà wá sí Áfíríkà.

Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó kò mọ ibi tí ẹyẹ wọ̀nyí ń lọ. Àwọn kan ní inú ẹrẹ̀ odò ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí. Ní ọdún 1822, wọ́n pa ẹyẹ ńlá funfun kan, cigogne, ní Jámánì. Ọ̀kọ̀ tí ó gùn tó nǹkan bí 80 sàńtímítà gún un ní ọrùn. Igi Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ náà. Ẹyẹ náà ti gba ọgbẹ́ ní Áfíríkà, ó sì gbé ọ̀kọ̀ náà fò délé. Ó ṣì wà ní yunifásítì Rostock títí di òní. Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní Denmark, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tí a kọ nọ́ńbà sí sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí a lè mọ ibi tí wọ́n dé.

Kí ni èyí kan àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́? Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń jẹ eṣinṣin àti ẹ̀fọn. Lékéléké, tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ń tẹ̀lé màlúù, ó sì ń jẹ tata. Ẹni tí ó bá pa wọ́n ti lé òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó kúrò lóko.

Kí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó kọjá aṣálẹ̀, ó ní láti jẹun yó, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀nà. Bí a bá fín oògùn kòkòrò láìní ìwọ̀n ní àkókò yìí, ebi tàbí májèlé ni yóò pa á lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí òbí gba kànnàkànnà lọ́wọ́ ọmọ. Kí àgbẹ̀ fín oògùn níwọ̀n. Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 sọ pé àwọn ẹranko kan wà tí a kò gbọdọ̀ pa rárá. Kí ọdẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kí ó tó yìnbọn. Ẹni tí ó bá sì rí òkú ẹyẹ tí òrùka wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un lọ fún wọn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ará ọ̀nà jíjìn mọ ibi tí ẹyẹ wọn dé.