Grant: Ọ̀gágun tó ti ṣẹ́gi tà rí

Ká ní ẹnì kan sọ fún àwọn ará Galena, ní ìpínlẹ̀ Illinois, lọ́dún 1860 pé ọkùnrin tó ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ tajà nínú ìsọ̀ awọ bàbá wọn yẹn ni yóò di Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1869, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi ẹni náà rín. Ọmọ ọdún 38 ni Ulysses Grant, ó ti bímọ mẹ́rin, gbogbo ohun tó sì dáwọ́ lé láti ọdún 1854 ló ti forí ṣánpọ́n.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n bí i ní Point Pleasant, ìpínlẹ̀ Ohio. Jesse, bàbá rẹ̀, a máa sọ awọ ẹran tútù di èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàtà àti gàárì. Owó wà nídìí iṣẹ́ náà, àmọ́ òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti lé ọmọ náà sá. Ẹṣin ló fẹ́ràn. Ẹṣin tí apá àgbàlagbà kò ká, Grant kékeré á gùn ún, yóò sì rọ̀.

Bàbá ló fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point lọ́dún 1839, kì í ṣe pé ó wu ọmọ. Hiram Ulysses ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n aṣòfin tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ṣì í kọ sí Ulysses S. Grant, orúkọ àṣìkọ yìí ló gbé dé sàréè. Ó jà nínú ogun Mexico láti 1846 sí 1848, ó sì fẹ́ Julia Dent. Nígbà tí wọ́n gbé e jìnnà sí aya àtọmọ lọ sí etíkun California, àárò wọn sọ ọ́, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ọtí ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1854. Ní New York, lọ́nà ilé, kò rí owó òtẹ́ẹ̀lì san. Buckner, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti West Point, ló gbà á sílẹ̀.

Ìyà wá dé. Ó dáko lẹ́bàá St. Louis, ó ń ṣẹ́gi ìdáná tà nígboro tòun ti kóòtù ológun àtijọ́ lọ́rùn. Nígbà tí Kérésìmesì 1857 ku ọjọ́ méjì, ó fi aago wúrà rẹ̀ dógò gba dọ́là 22.

Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú o: ìdílé àna rẹ̀ ní ẹrú, òun náà sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, William Jones. Ní oṣù kẹta ọdún 1859, bí ó bá tà á, owó ńlá ni ì bá wọlé. Ilé ẹjọ́ ni Grant lọ, ó fọwọ́ sí ìwé, ó dá a sílẹ̀ lófẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1861, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yapa nítorí ẹrú. Ológun ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì fi ontaja awọ náà jẹ kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kejì ọdún 1862 ó ká àwọn ọmọ ogun gúúsù tó lé ní 12,000 mọ́ Fort Donelson. Ta ni ọ̀gá tó juwọ́ sílẹ̀ fún un? Buckner! Grant kò gbà á láyè àdéhùn kankan. Àmọ́ Buckner fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé Grant pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi àpò owó rẹ̀ lọ òun.

Vicksburg ṣubú sí i lọ́wọ́ ní oṣù keje ọdún 1863, Lincoln sì fi gbogbo ọmọ ogun sábẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1864. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí ló bá ogun náà lọ. Nígbà tí Ọ̀gágun Lee juwọ́ sílẹ̀ ní Appomattox lọ́jọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1865, ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹṣin àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Grant ní kí ẹni tó bá ní ẹṣin tàbí ìbaaka mú un lọ sílé, nítorí àkókò àtitúlẹ̀ oko ti dé.