Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Wà Nínú Ìdè, Ẹ Má Tún Dè É

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Màídúgùrì ṣe ilé, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwa onígbàgbọ́ ni mo ń bá wí, pàápàá àwa tí a máa ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ìtúsílẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ dákun, ẹ bá wa kà á, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí tiyín.

Lọ́dún 2014, nígbà tí a kì í mọ ibi tí bọ́ǹbù yóò ti dún, ọmọkùnrin kan wà láàrin wa, ọmọ aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Bọ́ǹbù kan dún nítòsí rẹ̀ lọ́jà, nǹkan kan kò sì ṣe é lára. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn mọ́. Á máa dá sọ̀rọ̀, á ní àwọn kan ń pe òun lórúkọ lóru. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, abẹ́ tábìlì ló máa sá sí.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Wòlíì ibẹ̀ ní ìyá àgbà kan nílé ló dè é mọ́lẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi ṣẹ́ẹ̀nì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, wọ́n ní fún ọjọ́ mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu. Wọ́n ní ẹ̀mí náà ni àwọn ń fi pàṣán nà kó lè jáde, àmọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà ni pàṣán ń bà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí gẹ́gẹ́ bí aṣáájú pé kí n wá bá wọn dì í mú. Mo lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo dì mú. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi." Mi ò fún un. Wọ́n ní ẹ̀mí náà ló ń bẹ̀bẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ nílé. Bàbá ọmọ náà pe Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀, tó ta ẹ̀kọ fi tọ́ ọmọ náà dàgbà kó tó wá bá bàbá rẹ̀ níbí, òun ni wọ́n pè ní àjẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Ó kú ní 2016, kò tún fojú kan ọmọ náà. A ní à ń tú ẹnì kan sílẹ̀ ní Màídúgùrì, a lọ de ẹlòmíì ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ló gbà wá. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé. Ó ní bí a kò bá tú ṣẹ́ẹ̀nì yẹn, òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọlọ́pàá yóò fi dé. A tú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó jẹ́ kó mu ẹ̀kọ tán, ó wá bi í pé, "Kí lo rí lọ́jà lọ́jọ́ náà?" Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó bi í léèrè rí. Ọmọ náà sọ ọ́, ó sunkún títí. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, ohùn rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti bàbá ọmọ náà mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú wa níbí. Ó ń lo oògùn, Màmá sì ń wá bá a gbàdúrà nírọ̀lẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan.

Ìfúnpá kan wà lápá ọmọ náà, èyí tí ẹnì kan ṣe fún un nítorí ìbọn. Wòlíì fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìjà ńlá ló dá sílẹ̀. Màmá kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọmọ náà fúnra rẹ̀ bọ́ ọ, ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ẹ lọ ka ìwé Máàkù orí karùn-ún. Àwọn ará ìlú ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọkùnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò tà á ní pọ́ọ́kú. Jésù kò béèrè okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀rọ̀, ó béèrè orúkọ. Nígbà tí àwọn ará ìlú padà rí ọkùnrin náà, ó jókòó, ó wọ aṣọ, orí rẹ̀ ti pé. Ilé ni Jésù sì ní kó lọ, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Jésù kò ní kó lọ wá ẹni tó ṣe é.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn òde òní ni mò ń ṣe. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí 1930, sí Òkè-Ooyè ní Iléṣà, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún ìjọba tẹ́lẹ̀, ń wàásù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde láti sun wọ́n níná. Ìwàásù ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan àjẹ́ ni wàhálà dé: ní 1932, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù tó lòdì sí àwọn àjẹ́. (Àwọn ìgbà náà kò fẹ́ oògùn òyìnbó. Èmi ò bá wọn lọ níbẹ̀ yẹn.)

Kì í sì í ṣe ilé àdúrà kan ṣoṣo. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n rí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn aláàfáà, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, àti níbi tíjọba pàápàá. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin ayé òyìnbó.

Ọmọ náà ń ránṣọ báyìí, ó ti níyàwó. Nígbà tó ń wọn ara mi fún agbádá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti dárí jì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò tíì kúrò lọ́kàn òun.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní èèyàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbìkan, kó wá bá mi nípàdé ẹgbẹ́ wa. Mi ò ní bèèrè ìjọ tó ń lọ.