Kí Ló Ń Jẹ Ẹ̀jẹ̀ Tán? Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Jonathan Nok lórí Àrùn Oorun

Ìfáárà
Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ohun tó ń fa àrùn oorun, kíá ni yóò dáhùn pé eṣinṣin tsetse ni. Ìdáhùn náà kò kúnná tó. Eṣinṣin yìí kàn ń gbé àrùn náà kiri ni. Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní trypanosome ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí eṣinṣin náà bá bu ènìyàn tàbí ẹran jẹ. Ète bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí onímọ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná ṣe wádìí ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ lè rí mú níbẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí
Ọdún 1962 ni wọ́n bí Nok. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Biochemistry ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria. Lẹ́yìn náà, ó ṣe kọmíṣọ́nnà nínú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ó sì papòdà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Agbègbè tó ti ṣiṣẹ́ bá iṣẹ́ náà mu. Àwọn darandaran ilẹ̀ Hausa ti mọ àrùn yìí lára màlúù tipẹ́, inú ìlú Kàdúná gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ wà.

Ìbéèrè tó gbé dání
Màlúù tó ní àrùn yìí máa ń rù, èrìgì rẹ̀ á funfun, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí ló sábà máa ń pa á. Ohun ìyanu ni èyí, nítorí pé kòkòrò trypanosome kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa bíi ti ibà. Ìta rẹ̀ ló ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Kí ló wá ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà tán?

Ṣúgà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí à ń pè ní sialic acid. Òun ni ara fi ń mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wúlò. Kòkòrò yìí ní ẹ́ńsáìmù kan, sialidase, tó ń gé ṣúgà yìí kúrò. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá já tíkẹ́ẹ̀tì kúrò lára ọkọ̀ tó ti sanwó ní géréèjì: àwọn agbowó á dá a dúró bí ẹni tí kò san nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ara fúnra rẹ̀ ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó.

Ní ọdún 2003, Nok àti E. O. Balogun tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí sialidase Trypanosoma congolense lọ́wọ́ nínú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí jíìnì tó ń pàṣẹ kí kòkòrò náà ṣe ẹ́ńsáìmù yìí ló gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà ti iléeṣẹ́ NLNG fún un ní 2009. Ní 2013, àjọ Alexander von Humboldt ti ilẹ̀ Jámánì náà dá a lọ́lá. Ẹni tó bá mọ jíìnì náà ti mọ ibi tí òògùn lè bá kòkòrò náà jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé
Sialidase nìkan kọ́ ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ náà. Kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí pé kòkòrò yìí ń pààrọ̀ ẹ̀wù ara rẹ̀ léraléra. Síbẹ̀, ìlọsíwájú wà: àwọn tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ní in lágbàáyé kò tó 1,000 ní 2018, Togo sì ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, ní 2020, pé àrùn oorun kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbogbòò mọ́ níbẹ̀. Ti màlúù ló ṣì ń da àwọn darandaran láàmú.

Àgbálọgbábọ̀
Abèèrè kì í ṣìnà. Ohun tí ìwé kíláàsì fi parí ọ̀rọ̀ ni Nok fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì máa fi ìbéèrè kan kún ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí: báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kí ó sì fi èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ darandaran tó ti rí èrìgì màlúù tó funfun ti rí ẹ̀rí náà kí olùkọ́ tó dé. Ó ku ẹni tí yóò bá a wá ìdí rẹ̀.