Sípíríǹgì Kíkún Kò Sọ Píkọ́ọ̀pù Di Lọ́rì

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa ní Ìrẹ̀mọ, ẹ gbọ́. Mọ́tò tó ń bá wa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò bọ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó, Olódè àti Ifẹ̀wàrà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ló máa ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ dì í sí i, mo ti fi sípíríǹgì kún un." Kò purọ́. Sípíríǹgì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni, ewé ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Wọ́n lè fi ewé méjì tàbí mẹ́ta kún un, ẹ̀yìn mọ́tò á sì ga, kò ní jókòó mọ́lẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ojú wa á wá máa tàn wá pé àyè ṣì wà. Bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì nìkan ló le sí i. Táyà, búrẹ́ẹ̀kì, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì, àti ṣáàsì tí í ṣe egungun abẹ́ mọ́tò, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n wà. Píkọ́ọ̀pù bíi Toyota Hilux, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é fún. Àpò sìmẹ́ńtì 20 nìyẹn, àwa tí à ń gun orí ẹrù sì wà nínú ìṣirò náà o!

Sípíríǹgì tó bá le jù kì í tẹ̀ bí mọ́tò bá kó sí kòtò. Ṣáàsì ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó ló ti sábà máa ń sán. Wẹ́dà á wá jó o, ṣùgbọ́n jíjó ju jíjó lọ. Bó bá kàn jó ojú ibi tó sán, iná á ti ba agbára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ náà ló máa tún sán. Èyí tó dáa, irin pẹlẹbẹ tó gùn kọjá ojú sísán náà níwájú lẹ́yìn ni wọ́n á fi lé e, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kí ojú jíjó má baà dábùú ṣáàsì.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Bí ojú jíjó bá ti dábùú ṣáàsì, ẹ wá òmíràn. Ẹ tún bi dẹ́rẹ́bà bóyá wọ́n ti padà fún nọ́ọ̀tì sípíríǹgì le lẹ́yìn tí wọ́n fi ewé kún un, torí ó máa ń dẹ̀. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó máa bínú.

Ẹrù tó bá ju tọ́ọ̀nù kan, ẹ jẹ́ ká dáwó gba lọ́rì. Owó rẹ̀ ń dunni, a mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sùn sọ́nà Olódè, iye tí oníbàárà bá pè é la ó tà á.