Ọjà Rírà Lórí Tẹlifóònù: Tọmọdé Tàgbà

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ọjà tí kò ní ìsọ̀. Inú tẹlifóònù ni wọ́n ti ń tà á.

Ta ni ó ń rà á? Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n ń wo àwòrán bàtà àti aṣọ lórí Facebook àti WhatsApp. Bí ó bá wù wọ́n, wọ́n á kọ̀wé sí ẹni tí ń tà á ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́.

Àwọn òbí tí ń ṣòwò ń lò ó láti béèrè iye ọjà kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ kó o.

Àwọn àgbà ní tiwọn fẹ́ fọwọ́ kan ọjà, kí wọ́n sì ná an. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwòrán kì í sọ bóyá aṣọ fẹ́lẹ́ tàbí ó ki. Nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ irú ọjà yìí ní Èkó ní ọdún 2012, ó gbà kí àwọn ènìyàn sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní bàtà kan jẹ́ 6000 fráńkì lórí tẹlifóònù. Owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Kútọnu jẹ́ 1500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7500. Bí wọ́n bá ń ta irú rẹ̀ ní 7000 ní ọjà Sakété, ti Sakété dín owó. Ẹ ó sì lè wọ̀ ọ́ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á lórí tẹlifóònù, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ tú ẹrù wò lójú ẹni tí ó gbé e wá, kí ẹ tó sanwó.

2. Bí ẹ bá ń fi MTN MoMo tàbí Moov Money sanwó, ẹ ka iye owó náà àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

3. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá pè yín tí ó béèrè rẹ̀, olè ni.

Àgbà tí kò mọ̀wé a máa gbé tẹlifóònù rẹ̀ fún ọmọ, a sì sọ nọ́ńbà àṣírí fún un. Ẹ̀yin ti lè kà á fúnra yín báyìí. Kí ọmọ kọ́ yín ní títẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ́ ọmọ ní ọjà níná.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dìgbà kan ná.